Kámẹ́rà La Gbé Wọgbó, A Ò Gbé Ìbọn!

*Fọtógíráfà Ilé-Ifẹ̀ fi owó àjọ ra lẹ́ǹsì, ó ní ẹranko lòun fẹ́ẹ́ lọọ yà
*October kọ́ loṣù rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ló là wá lójú
*Ohun tá a rí lẹ́sẹ̀ ẹran nígbà tá a délé

Ká ní ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà lágbègbè Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ tó kó owó àjọ rẹ̀, ẹ̀yin náà ìbá sọ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣojú lásán. Ìyàwó rẹ̀ ti to gbogbo ohun tí wọ́n máa fowó náà ṣe sílẹ̀: owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, àtúnṣe jẹnẹrétọ̀, gbèsè oníràìsì. Àfi bí ọkọ ṣe gba Ìbàdàn lọ láàárọ̀, tó sì gbé lẹ́ǹsì tòkunbọ̀ kan dé nírọ̀lẹ́, lẹ́ǹsì ọ̀hún gùn bí ọmọ odó.

Ìyàwó wo lẹ́ǹsì, ó wo ọkọ, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ta lẹ fẹ́ẹ́ fi èyí yà? Ṣé Ìlobùú ni ìyàwó tó ń ṣègbéyàwó máa dúró sí, tẹ́ ẹ ó ti máa yà á láti Ifẹ̀ ńbí?"

Ọkọ ní rárá o, ẹranko ni. Ó ní òun fẹ́ẹ́ lọ sínú igbó ọba tó wà lápá Òkè-Ògùn, kóun lọọ ya ẹran níbi tó ti ń jẹko.

Ṣé ẹ mọ̀ pé obìnrin tó bá ń pariwo, ìjà rẹ̀ kì í le. Èyí kò pariwo. Ó kàn wọlé lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Èmi tí mò ń kọ ìròyìn yìí mọ ọkùnrin náà dáadáa, ọ̀rẹ́ mi ni, èmi ni mo sì bá a lọ lẹ́ẹ̀mejèèjì tó lọ. Ó bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun, nítorí àwọn oníbàárà rẹ̀ lè máa rò pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, Ayàwòrán la ó máa pè é.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI BẸ̀RẸ̀

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iṣẹ́ fọ́tò kò rí bíi tàtijọ́ mọ́. Láyé ọjọ́sí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ ya fọ́tò ọdún, ẹ ó wẹ̀, ẹ ó wọ aṣọ tuntun, ẹ ó wáá lọ sí sítúdíò. Ẹ ó jókòó síwájú aṣọ tí wọ́n ya ọkọ̀ òfúrufú tàbí òdòdó sí, fọtógíráfà ó sì ní kẹ́ ẹ má mira o, kẹ́ ẹ má ṣẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ ó tó gba fọ́tò yín. Lónìí ńkọ́? Ọmọ tí kò tíì mọ ìmú nù ti ń fi fóònù ya ara rẹ̀. Kí ìyàwó ọ̀ṣìngín tó wọ mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Ayàwòrán ń rò lọ́jọ́ kan tó fi rí ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ń fi àwọn òyìnbó hàn tí wọ́n gbé kámẹ́rà lọ sí Yellowstone, ọgbà ẹranko igbó ńlá tí ìjọba Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1872. Lọ́dọ̀ wọn, bó bá ti di oṣù September sí October, ewé igi á máa di pupa, á di yẹ́lò, àwọn akọ àgbọ̀nrín ńláńlá tí wọ́n ń pè ní elk á sì máa ké, wọ́n á máa jà nítorí abo. Ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó fẹ́ràn fọ́tò á máa dà lọ síbẹ̀ láti ibi gbogbo láyé.

Ayàwòrán ní, "Ṣé àwa ò ní igbó ni?"

A ní in o. Ọgbà Old Oyo National Park wà níbẹ̀, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Igbó méjì ni wọ́n pa pọ̀ tó fi di ẹyọ kan: igbó Òkè Odò Ògùn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dún 1936, àti igbó Ọ̀yọ́-Ilé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dún 1941. Lọ́dún 1952, wọ́n sọ wọ́n di ibi ìtọ́jú ẹranko. Lọ́dún 1991, ìjọba àpapọ̀ gbà á, ó di National Park. Olú iléeṣẹ́ wọn wà nílùú Ọ̀yọ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìṣẹ́yìn.

Bí Ayàwòrán ṣe mú October 2018 nìyẹn. Òyìnbó ní October dára, òun náà mú October.

A LỌ, A Ò RÍ NǸKAN KAN

A kúrò ní Ifẹ̀ lọ́wọ́ ìdájí, a gba Ìbàdàn, a dé Ọ̀yọ́, a kọjá sí Ìṣẹ́yìn, títí tá a fi dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ayàwòrán gbé lẹ́ǹsì rẹ̀ lé itan bí ìyá tó gbé ọmọ tuntun, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ẹ́ fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò, kóun lè hàn dáadáa.

Nígbà tá a débẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó kí wa dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, bàbá kan tó jẹ́ ọdẹ nígbà èwe rẹ̀ kó tó di ẹni tó ń mú àlejò wọgbó, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ káàbọ̀ o. Àmọ́ ta ló ní kẹ́ ẹ wá ní irú àsìkò yìí?"

Ayàwòrán ní October ni àwọn òyìnbó ń lọ.

Bàbá Ọdẹ rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ṣé òyìnbó ló ni òjò wa ni?"

Ìgbà tá a wọnú igbó lọ́jọ́ kejì ni ohun tó sọ tó yé wa. Ẹ rí i, láti April ni òjò ti máa ń rọ̀ lápá ibẹ̀ títí di October. Ìgbà tí òjò bá fẹ́ẹ́ dáwọ́ dúró ni koríko ń ga jù. Koríko tá a bá níbẹ̀ ga ju èèyàn lọ. Ẹran lè dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 20 síni, kéèyàn má rí i, òun á sì máa wò wá. Omi wà níbi gbogbo, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹran fi máa kóra jọ sójú kan láti mumi. Odò Ògùn kún dẹ́múdẹ́mú, ọ̀nà tó yẹ kí mọ́tò gbà sì ti di ẹrẹ̀.

Ìrìn wákàtí mẹ́rin la rìn. Ohun tá a rí kò ju ẹ̀yìn ìjímèrè mélòó kan tó ń sá lọ, àti àparò tó fò lábẹ́ ẹsẹ̀ wa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n ṣubú. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọ̀rẹ́ mi ti di aláwọ̀ ẹrẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fẹ́ẹ́ ṣe é. Bá a ṣe dé etí omi kan, Bàbá Ọdẹ na ọwọ́, gbogbo wa dúró wámú. Ẹran kan wà lódìkejì. Ó fara jọ ìgalà, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ, ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìwo rẹ̀ ṣẹ́ kọ́rọ́kọ́rọ́ sẹ́yìn. Kob ni orúkọ tí òyìnbó ń pè é. Akọ ni. Ayàwòrán rọra gbé lẹ́ǹsì sójú, mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ìgbà yẹn ni fóònù mi dún.

Ẹ dákun, ẹ má bú mi. Mo ti rò ó pé kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nínú igbó, kò lè sí ẹni tó máa pè mí. N kò rántí pé áláàmù tí mo fi ń rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi kò nílò nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Fújì ni mo fi sí i, ìlù sì bẹ̀rẹ̀ láàárín igbó. Kí n tó tọwọ́ bọ àpò, ẹran ti lọ. Fọ́tò tí Ayàwòrán rí yà kò ju ìdí ẹran àti koríko tó ń mì.

Kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun." Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ẹ ṣeun yẹn ju èébú lọ.

Ọ̀RỌ̀ ÌBEJÌ TÓ SỌ LÓRU

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, oorun ò kùn wá. A jókòó síta ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, a ń jẹ àgbàdo. Mo bi í pé kí ló tiẹ̀ ń lé gan-an, ṣé owó ni àbí òkìkí. Ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Ó ní ẹ̀yìn ọ̀gá kan lòun ti kọ́ṣẹ́. Nígbà yẹn, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí tí kò fẹ́ẹ́ gbẹ́ ère mọ́, bóyá nítorí pé wọ́n ti gba Jésù tàbí wọ́n ti ń kírun, wọ́n á gbé èyí tó kù wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá rẹ̀ á ya ọmọ kan yìí, á tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì lórí bébà kan náà, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, á pààrọ̀ aṣọ fọ́mọ náà, á yà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá á gba fọ́tò náà, á gbé e kọ́ sí yàrá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àlọ́ o. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, bá irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ pàdé nílùú Ìlá Ọ̀ràngún, nípìnlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níbí, nígbà tó wá ṣèwádìí nípa iṣẹ́ àwọn fọtógíráfà Yorùbá lọ́dún 1975, ó sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 1978.

Ayàwòrán ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rántí ojú àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Fọ́tò dára, àmọ́ ọmọ ò sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi àgbà máa ń ki ẹranko. Á ki erin, á ki ẹfọ̀n, á ki ẹkùn. Gbogbo ẹ̀ ló ti fojú rí. Èmi ò rí ọ̀kankan rí, àfi èyí tí wọ́n há mọ́ àgò. Àwọn ọmọ mi ò tiẹ̀ mọ oríkì wọn. Mo fẹ́ẹ́ ya èyí tó kù kó tó lọ. Mi ò fẹ́ kí n dúró dìgbà tí mo máa wáá máa ya ìbejì fún ẹranko."

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo kàn ju kùkù àgbàdo nù.

Àṣé òtítọ́ ló sọ. Ẹ jẹ́ ká wo kìnnìún. Ní gbogbo Nàìjíríà pátá, ibi méjì péré ni wọ́n ti mọ̀ pé kìnnìún igbó ṣì kù: ọgbà Kainji, àti Yankari ní Bauchi. Àwọn tó ń ṣọ́ wọn fojú díwọ̀n rẹ̀ pé wọn ò tó 50. Erin inú igbó dúdú ńkọ́? Lóṣù March, ọdún 2021, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀dá inú igbó, IUCN, kéde pé ó ti wọ ipò tó léwu jù lọ, ìyẹn ipò tó jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kó tán. Lápá ọ̀dọ̀ wa, inú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn igbó tó bá a pààlà ni ìyókù wọn ti ń fi ara pamọ́. Igbó Sáṣà tó wà nílẹ̀ Ifẹ̀ bá Ọmọ yẹn pààlà. Ìyẹn ni pé erin kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa.

Kìnnìún tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ifẹ̀ mọ̀ kò ju ti ọgbà ẹranko inú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ. Gbogbo wa la sì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lóṣù February, ọdún 2024, nígbà tí kìnnìún kan pa òṣìṣẹ́ tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́sàn-án, tí wọ́n sì pa kìnnìún náà. Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́.

A PADÀ LỌ NÍ FEBRUARY

Kó tó di pé a kúrò nígbó lẹ́ẹ̀kíní, Bàbá Ọdẹ ti sọ fún wa pé, "Ìwọ́wé tiwa kì í ṣe October. Tí ọyẹ́ bá ti fẹ́, tí wọ́n bá ti sun koríko, ẹ máa bọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí, nítorí ó yẹ kó yé ẹni tó bá fẹ́ẹ́ lọ. Nílùú òyìnbó, nígbà tí ojúmọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú tí òtútù sì ń bọ̀, àwọ̀ ewé tó wà lára ewé á ṣá, yẹ́lò tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ á wáá hàn. Lọ́dọ̀ tiwa, ojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrú. Òùngbẹ ló ń wọ́ ewé wa. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni òṣè àti àràbà ń gbọn ewé nù, kí omi tó wà lára wọn má baà gbẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì máa ń sun koríko nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó ṣì tutù díẹ̀, kí iná ńlá má baà jó gbogbo rẹ̀ tó bá gbẹ tán. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, koríko tútù á hù lórí eérú, ẹran á sì jáde wá jẹ ẹ́. Omi inú àwọn odò kéékèèké á ti gbẹ, ìyókù tó bá ṣẹ́kù sójú kan ni gbogbo ẹran á máa wá.

A padà lọ lóṣù February, ọdún 2019. Lọ́tẹ̀ yìí, Ayàwòrán wọ aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀. Ó gba fóònù mi lọ́wọ́ mi, ó fi í sọ́dọ̀ dẹ́rẹ́bà wa, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fún mi.

Aago márùn-ún àárọ̀ kọjá díẹ̀ la ti jí. Bàbá Ọdẹ da eérú sáfẹ́fẹ́, ó wo ibi tó fẹ́ lọ, ó wáá mú wa gba òdìkejì, kí atẹ́gùn máa ti ọ̀dọ̀ ẹran bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó ní ẹran lè má rí wa, àmọ́ imú rẹ̀ á sọ fún un. A jókòó sẹ́yìn igi kan tó dojú kọ omi. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún odindi wákàtí kan àtààbọ̀. Eṣinṣin ń wọ̀ mí létí, mi ò tó bẹ́ẹ̀ láti pa á.

Oòrùn yọ. Ṣé ẹ mọ oòrùn ọyẹ́, tó máa ń rí roboto bí ẹyin inú epo, tí èèyàn lè wò lójú kòrókòró? Eruku ọyẹ́ yẹn mú kí gbogbo ibẹ̀ pọ́n bíi wúrà. Mo kọ́kọ́ rò pé eruku á ba fọ́tò jẹ́, àfìgbà tí Ayàwòrán ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé ohun tóun ń wá gan-an nìyẹn.

Wọ́n wá. Kob méje, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Abo kan wà láàárín wọn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó dúró, ó gbórí sókè, ó wo ọ̀kánkán ibi tá a wà, bí ẹni pé ó mọ̀. Kámẹ́rà ń ṣe kẹ́, kẹ́, kẹ́, ó rọra. Lẹ́yìn wọn ni agbo ìnàkí kọjá pẹ̀lú ariwo, àwọn ọmọ wọn gun ẹ̀yìn ìyá. Nígbà tá a ń padà bọ̀, a rí ẹfọ̀n kan lọ́ọ̀ọ́kán, ó dúdú kirimú. Ayàwòrán fẹ́ẹ́ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Bàbá Ọdẹ di ẹ̀wù rẹ̀ mú pinpin. Ó ní, "Ọmọ mi, ìyàwó rẹ ń retí rẹ."

Lójú ọ̀nà, Bàbá náà ń sọ ìtàn fún wa. Ó ní inú igbó yìí kan náà ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú ìlú àwọn Aláàfin àtijọ́. Ẹ gbọ́ o, ìlú tí Clapperton, òyìnbó ará Scotland, dé lọ́dún 1826, tó bá ọba àti èrò rẹpẹtẹ níbẹ̀, tí àwọn ọmọ Lander sì dé lọ́dún 1830. Kò ju ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà tí ogun fi tú u, tí Aláàfin Olúewu kú sójú ogun, tí Àtìbà sì lọọ tẹ Ọ̀yọ́ tòní dó. Ibi tí ọjà wà tẹ́lẹ̀, ìnàkí ló ń jẹko níbẹ̀ báyìí. Àwọn tí ìdí baba wọn wà níbẹ̀ pọ̀ nínú àwa tó ń rìn nígboro Ìbàdàn àti Èkó, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti fojú kan ibẹ̀?

OHUN TÓ WÀ LẸ́SẸ̀ ẸRAN

A délé. Fọ́tò tí Ayàwòrán yà lé ní 400. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń ṣà wọ́n. Mọ́kànlá péré ló ní ó dára. Èyí tó dára jù ni ti abo kob àti ọmọ rẹ̀ nínú eruku ọyẹ́. Ó ń fẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà láti wò ó bóyá ojú ẹran náà mọ́, ló bá pè mí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀."

Mo wò ó. Wáyà ni. Wáyà tí wọ́n fi ń dẹ pàkúté wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú rẹ̀, ó ti wọnú ara, ibẹ̀ sì ti wú. Ẹran náà ti já pàkúté, ó sì gbé e lọ. Gbogbo àwa tá a jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó rí i. Ojú lẹ́ǹsì ló rí i.

Ọdẹ ṣíṣe nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ lòdì sófin ìjọba àpapọ̀, ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹni tó dẹ wáyà yẹn kò dẹ ẹ́ kó lè jẹ ẹ́ tán lóun nìkan. Ó dẹ ẹ́ nítorí ó mọ̀ pé àwa tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, tá a máa ń páàkì mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti ra ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ, tá a máa ń lọ sí ilé ẹlẹ́mu lọ́jọ́ Jímọ̀ láti jẹ ẹ́ pẹ̀lú ata, a ń dúró dè é. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo jẹ ẹ́ dáadáa. Kò sí ọjọ́ kan tí mo bi ẹni tó ń tà á pé inú igbó wo lo ti mú un.

TẸ́ Ẹ BÁ FẸ́Ẹ́ LỌ

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ẹ́ lọ, ohun tá a fi ojú wa rí rèé. Ẹ lọ láàárín December sí March, ẹ má lọ nígbà òjò. Ẹ kàn sí olú iléeṣẹ́ wọn ní Ọ̀yọ́ ṣáájú, kẹ́ ẹ sì béèrè bí ọ̀nà àti ààbò ṣe rí lásìkò náà. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má tíì wá, ẹ jókòó sílé yín. Ẹ má wọgbó láìsí ẹ̀ṣọ́. Ẹ má wọ funfun, ẹ má sì lo lọ́fínńdà. Ẹ fi ọ̀rá wé kámẹ́rà yín nítorí eruku, kẹ́ ẹ má sì máa pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta gbangba. Ẹ mú bátìrì tó pọ̀ dání. Iná kámẹ́rà, ẹ pa á. Fóònù náà, ẹ pa á. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Ẹni tí kò lágbára ìrìn àjò jíjìn lè fi tòsí kọ́ra. Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo, tí àjọ UNESCO fi sínú ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005, kò jìnnà sí Ifẹ̀, wọn kì í ṣọdẹ níbẹ̀, ọ̀bọ sì wà níbẹ̀ tí kò sá féèyàn. Omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà náà wà níbẹ̀.

Ní ti ìyàwó Ayàwòrán, ẹ ò ní í gbàgbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n tẹ fọ́tò abo kob náà tóbi, kí wọ́n sì fi férémù sí i. Ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù báyìí, láàárín àwọn ìyàwó tuntun àti àwọn tó gboyè jáde. Kò tíì mú owó lẹ́ǹsì wọlé o, kí n má parọ́. Owó ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, ó tó sáà kejì kí wọ́n tó san án tán. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wọ ṣọ́ọ̀bù tí kì í dúró wò ó.

Ohun tí wọ́n ń sọ ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì tún ń dùn mí. Àwọn kan ní, "Ìlú òyìnbó wo lẹ ti ya èyí?" Bí Ayàwòrán bá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, wọ́n á ní kó má tan àwọn. Àwọn àgbà á sún mọ́ ọn, wọ́n á wo itan ẹran náà, wọ́n á ní, "Háà! Èyí á dùn lọ́bẹ̀ o."

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá ya fọ́tò pélébé tí wọ́n máa fi gba fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ náà kò ju ọdún mẹ́fà lọ. Bàbá rẹ̀ náà sọ ti ọbẹ̀, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo fọ́tò náà láti ìsàlẹ̀, nítorí ibi tí ojú rẹ̀ tó nìyẹn.

Ó ní, "Dádì, kí ni wọ́n so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀? Ta ló so ó?"

Bàbá wo Ayàwòrán. Ayàwòrán wo èmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn yìí, tó bá jẹ́ ọmọ yín ló bi yín, kí lẹ máa sọ?